Bí Fataou Ṣe Lọ Wádìí Ilé Dinoderus

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni láti orí dé ìrù. Bí mo bá fi irọ́ kan sí i, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi jábọ́ sínú ẹ̀kọ lọ́la, kí n sì gbé wọn mì. Mo fi irùngbọ̀n baba mi búra. Mo fi tèmi náà kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi kò tó nǹkan mọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Bantè, nílẹ̀ Benin, tí ń jẹ́ Fataou. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi màṣíìnì ya ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í ṣófo, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́ débi pé bí ó bá ya ewé sí etí agbádá, ewúrẹ́ á máa tẹ̀ lé ẹni tó wọ̀ ọ́ kiri ìlú. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Soulé tí ń pa ẹran. Ewúrẹ́ méjì ló tẹ̀ lé e dé mọ́sálásí lọ́jọ́ Iléyá, kò sì mọ èwo ni kó fi ṣe ẹbọ.

Àmọ́ Fataou ní àléébù kan: ó ń jowú. Owú rẹ̀ kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Kafayath níyàwó, àkùkọ kan wà nílé tí ìyàwó máa ń fi ọwọ́ bọ́ ní àgbàdo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Fataou fi pa àkùkọ náà jẹ. Ó ní ojú tó fi ń wo ìyàwó òun kò yé òun. Bí ẹ bá sì sọ fún un pé owú nìyẹn, yóò bínú sí yín. Á ní ìfẹ́ ni. Á ní ìṣọ́ra ni. Á ní ọkùnrin tí kò bá ṣọ́ ilé rẹ̀, ará ìta ni yóò bá a ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ ni Fataou rí: gbogbo egungun àyà rẹ̀ lẹ lè kà láti òdì kejì títì.

Ọdún kẹfà ìgbéyàwó wọn, tí ọmọ wọn Samiath ti ń sáré kiri, Kafayath rí iṣẹ́ ní Savalou. Ọmọ Savalou ni òun fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé baba rẹ̀ wà, ó sì kàwé dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ láàárọ̀ lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀gbìn dá sílẹ̀, á sì padà sí Bantè nírọ̀lẹ́. Bí àgbẹ̀ kan bá ní ohun kan ń pa igi kajú òun, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀gẹ́, Kafayath ni yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa wá a nínú àkójọ ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kọ káàkiri ayé. Orí Fataou wú fún iṣẹ́ yìí fún odindi ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè bóyá àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sétou, ìyá Nabil, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣu gbígbẹ ni Sétou ń tà lọ́jà Bantè. Lọ́jọ́ kan ó ṣí àpò kan, ó bá ìyẹ̀fun níbi tó kó iṣu sí. Kòkòrò kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ti lu iṣu náà ní ihò títí tó fi dà bí asẹ́. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e fún ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi bi kọ̀ǹpútà yín léèrè. Kí ni mo ṣe fún nǹkan yìí?"

Oṣù mẹ́ta ni Kafayath fi wá kòkòrò yìí. Ó tẹ "kòkòrò dúdú" lédè Faransé, kọ̀ǹpútà kó ẹgbàárùn-ún ìwé wá, kò sí èyí tó mọ iṣu nínú wọn. Ó tẹ "iṣu tó di ìyẹ̀fun", ó kó ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì wá. Ó tẹ "ohun tí ń lu nǹkan ní ihò", ìwé nípa eyín jíjẹrà ló jáde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀gá rẹ̀, Ézéchiel, fa àga tì í, ó fi ohun kan hàn án tí wọ́n ń pè ní tesorúsì.

Àkójọ ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Ohun kan ṣoṣo lè ní ogún orúkọ ní ogún ìlú, àmọ́ àwọn tó ń to ìwé ìwádìí ti fẹnu kò sí ẹyọ kan, òun ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ìwé tó bá dá lórí ohun náà. Bí o bá mú orúkọ tí wọn kò fọwọ́ sí wá, tesorúsì yóò dá ọ lóhùn pé: má lo èyí, lọ lo tọ̀hún. Yóò sì fi ohun tó wà lókè rẹ̀ hàn ọ́, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti èyí tó bá a tan. Kíá ló yé Kafayath. Ilé ọkọ ló ń gbé, níbi tí ọmọ kan ti ń jẹ́ orúkọ mẹ́fà, tí ìyàwó ilé kò sì gbọdọ̀ fi èyí tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pè é.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ròyìn rẹ̀ lórí oúnjẹ alẹ́.

"Ọ̀gá Ézéchiel ní kí n yé fi orúkọ ojú títì wá nǹkan. Ọ̀gá Ézéchiel ní tí mo bá ti mọ orúkọ tó tọ́, gbogbo ilé rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún mi. Ọ̀gá Ézéchiel ní…"

"Ọ̀gá Ézéchiel yìí," ni Fataou wí, "ṣé ó níyàwó?"

"Bàbá Samiath, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kòkòrò ni mo ń sọ."

"Mo gbọ́. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kòkòrò náà?"

"Ọ̀gá Ézéchiel!"

Ìgbà mọ́kànlá ló ka orúkọ yẹn kí wọ́n tó fọwọ́. Kò gbọ́ kòkòrò, kò gbọ́ iṣu, orúkọ ọkùnrin nìkan ni etí rẹ̀ gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ ra òwú ní Savalou, ó sì lọ dúró lẹ́yìn igi kan lọ́ọ̀ọ́kán ilé ìkàwé náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí Ézéchiel jáde, Fataou rí baba arúgbó kan, orí rẹ̀ pá, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn. Àwọn ará àdúgbò ní alàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun, àti pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti pé mẹ́sàn-án. Fataou mí kanlẹ̀, ó ra òwú ní tòótọ́, ó padà sílé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ owú tí kò rí ibi jókòó mọ́ kì í lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí.

Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò ìyàwó rẹ̀, ó bá ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣí i. Fataou kò kàwé jìnnà, àmọ́ Faransé tó wà níbẹ̀ kò le. Ohun tó kà nìyí:

"Orúkọ tí a fọwọ́ sí: Dinoderus porcellus. N kò gbọdọ̀ fi orúkọ mìíràn pè é. Agboolé rẹ̀: Bostrichidae. Ìbátan rẹ̀: Prostephanus. Ibi tó ń gbé: Benin, Nàìjíríà, Togo, Ghana. Oúnjẹ tó fẹ́ràn: iṣu. Àwọn ọ̀tá rẹ̀: ẹ wo ojú ìwé kejì."

Lábẹ́ rẹ̀, ó fi báírò pupa kọ ọ́ pé: "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ti rí i! Ọ̀gá Ézéchiel ló bá mi ṣe é. Ní Alàmísì a óò jọ jókòó tì í."

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń fọmọ fọ́kọ lọ́dọ̀ wa? A kì í di ojú ṣe é. A ó wádìí. Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Agboolé wo? Ta ló bá wọn tan? Níbo ló ń gbé, kí ló ń jẹ, ta ló ń bá a ṣọ̀tá? Ohun tí Fataou rí nínú ìwé yẹn nìyẹn, ó pé pérépéré. Kafayath ti fi ọ̀rọ̀ ẹbí kọ ọ́ kó má baà gbàgbé, ọkọ rẹ̀ sì kà á bí ẹni pé wọ́n ti ń gbé orógbó bọ̀. Ibi tó dùn ún jù ni ibi iṣu. Òun náà fẹ́ràn iṣu.

Ó gbé ìwé náà tọ Sétou lọ. Sétou kò mọ̀wé, Fataou ló kà á sí i létí. Obìnrin náà fọwọ́ lérán.

"Ìwádìí ọkọ nìyí, àbúrò mi. Bí a ṣe wádìí ilé Kafayath gan-an nìyí. Àrùn ìdílé nìkan ni wọn kò tíì kọ sí i."

"Ézéchiel ńkọ́?"

"Alárinà ni. Ṣé o rí alárinà tí kò darúgbó rí?"

"Ọkùnrin tó ń gbé ìlú mẹ́rin!" Fataou fẹ́ sunkún. "Èmi kò kọjá Parakou rí."

"Olówó ni. Bostrichidae… N kò mọ ilé yẹn ní Bantè. Lọ sí Pira. Pira ni ilé àwọn àjèjì pọ̀ sí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, kòkòrò inú àpò rẹ̀ ni wọ́n ń wádìí.

Lọ́jọ́ Alárùbá, Fataou ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gun zémidjan, alùpùpù tí ń gbé èrò, lọ sí Pira. Ó bá baba àgbàlagbà kan lábẹ́ igi mángòrò. Nílẹ̀ wa, ojú máa ń ti àgbà láti wí fún àlejò tó rìn jìnnà pé òun kò mọ ibi tó ń béèrè. Òfo kò yẹ àlejò.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ilé Bostrichidae?"

Baba ro ó. "Bostrichidae. Ìyẹn àwọn tí ilẹ̀kùn wọn jẹ́ àwọ̀ ewé? Wọ́n ti kó lọ, ọmọ mi. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Àfi pé wọ́n ń jẹun púpọ̀."

"Ọmọ wọn kan wà, Dinoderus."

"Háà, ìyẹn! Ó ga, ó pupa, eyín rẹ̀ funfun. Tó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á sọ korobá sílẹ̀ létí kànga."

Fataou kò rántí bó ṣe délé. Ó ní kí Samiath lọ sùn lọ́dọ̀ Sétou. Nígbà tí Kafayath kúrò nílé láàárọ̀ Alàmísì, ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú àpò ńlá méjì, ó dè wọ́n sẹ́yìn alùpùpù kan tó yá. Ohun tó pinnu ni pé bí òun bá fojú kan ọkùnrin náà, tààrà ni òun yóò gbé àpò wọ̀nyí lọ sí ilé baba Kafayath, ìgbéyàwó parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó gbé agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run wọ̀, èyí tó fi oṣù méjì yà lọ́nà tí kò sì tà fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fi í wé ẹnìkan, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Eruku pọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé Savalou, ó ti dà bí ẹni tí wọ́n yí nínú èlùbọ́.

Ézéchiel nìkan ló bá nínú yàrá. Kafayath ti lọ tẹ ìwé jáde ní ilé kejì.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Dinoderus ni mo wá rí."

Ojú baba là. "Dinoderus porcellus! Ẹ̀yin náà? Ó ti ba ilé yín jẹ́, àbí?"

"Ó fẹ́ bà á jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe! Jẹ́jẹ́ ló ń wọlé, ẹ kò ní mọ̀. Kí ẹ tó fura, ó ti bímọ síbẹ̀."

Fataou di tábìlì mú. "Ó ti bímọ?"

"Rẹpẹtẹ! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ó wà níbí."

"Ó wà níbí? Báyìí?"

"Inú ìgò ló wà."

Baba gbé ìgò kékeré kan síwájú rẹ̀. Ìyẹ̀fun iṣu wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan dúdú kan sì wà lórí ìyẹ̀fun náà, kò tó èérún ìrẹsì. Fataou wò ó. Ó yí ìgò padà, ó tún wò ó. Kò mọ ohun tí òun ń ṣe mọ́, ló bá kí i: "Ẹ káàárọ̀." Kòkòrò náà sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, bí ẹni ń jẹ́ ìkíni.

Ibẹ̀ ni Kafayath bá wọn.

"Bàbá Samiath? Ta ló kú?" Agbádá yẹn ló bà á lẹ́rù.

"Ọkọ rẹ wá wo Dinoderus!" ni Ézéchiel wí, inú rẹ̀ dùn. "Ó wọ aṣọ ńlá wá!"

Kafayath wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìgò, ó wo ìwé ìkọ̀wé tó yọrí jáde nínú àpò agbádá. Lẹ́yìn náà ó wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Àwọn àpò wo nìyẹn?"

Fataou kò lè parọ́ mọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìwé, Sétou, Pira, ọkùnrin tó ga tó pupa. Ézéchiel rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Kafayath kò rẹ́rìn-ín.

"Fataou," ló wí.

Láti ọdún mẹ́fà, kò pe orúkọ yẹn lásán rí. Ó dún nínú yàrá náà bí ìgbà tí àwo bá fọ́.

"O kó ẹrù mi. O gbé orúkọ mi lọ sí Pira. Nítorí kòkòrò inú iṣu ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ìfẹ́ ni, Kafayath. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọ ló pọ̀ jù."

"Kò burú. Ilé baba mi kò jìnnà síbí, mo lè gbé àwọn àpò yẹn débẹ̀ fúnra mi. Àmọ́ wá jókòó ná. Bá mi wá ìfẹ́ náà."

Ó fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí tesorúsì mìíràn, ti àwọn oníṣègùn, tí ọ̀rọ̀ àìsàn ara àti ti ọkàn wà nínú rẹ̀.

"Kí ni orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́?"

"Ìfẹ́ àpọ̀jù."

Kafayath tẹ̀ ẹ́. Kò sí.

"Ìṣọ́ra ọkọ."

Kò sí.

"Ìfẹ́ lásán."

Ó wà. Kafayath ṣí i. "Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé o rí kíkó ẹrù ẹni níbẹ̀? Ṣé o rí Pira?"

Fataou fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. Kò rí i. Ó wo agboolé tí ìfẹ́ ti wá, ìyẹn ohun tí ń ṣe ọkàn ènìyàn, ó rí àwọn ará ilé tó kù tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ara wọn: ìbínú, ẹ̀rù, ìkórìíra, ayọ̀. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibì kan, ó dúró.

"Kí ló dé tí o dúró?"

Fataou fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà.

"Kà á."

"Jalousie."

"Sọ ọ́ lédè ìyá rẹ."

Fataou wo Ézéchiel. Baba ń wo àjà, bí ẹni pé àjà náà ní ìwé lára.

"Owú," ni Fataou wí.

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Èmi ni. Mo ń jowú, Kafayath. Ó ti pẹ́. Mo jowú àkùkọ."

"Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, owú wà lọ́tọ̀," ni Ézéchiel wí wúyẹ́wúyẹ́. "Agboolé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, àmọ́ yàrá wọn kì í ṣe ọ̀kan."

Kafayath pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Gbé àpò wọ̀nyẹn padà sí Bantè. Kí o ká aṣọ mi bí mo ṣe ká a, kí o tò ó síbi tó wà. Lẹ́yìn náà kí o padà sí Pira, kí o sọ ohun tí Dinoderus jẹ́ fún ẹni tí o bi léèrè, kí o sì sọ ohun tó gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní orúkọ tó ń jẹ́. Ilé baba mi ni mo máa sùn. Tí mo bá máa wá, o máa rí mi."

Kò sọ ọjọ́.

Fataou gbé àpò padà. Aṣọ obìnrin ṣòro ká, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a nídìí gèlè. Ó lọ sí Pira, ó bá baba yẹn lábẹ́ igi mángòrò rẹ̀, ó ní kòkòrò iṣu ni Dinoderus, owú ló gbé òun wá lọ́jọ́sí. Baba náà mi orí. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí o rí i fúnra rẹ ni." Fataou tún yà lọ́dọ̀ Sétou, ó sọ ọ́ níbẹ̀ náà. Sétou kọjú sí àpò iṣu rẹ̀, ó ń gbọn ìyẹ̀fun.

Jímọ̀ kọjá, Kafayath kò dé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Fataou wà ní ibùdókọ̀ Bantè láti ìgbà tí wọ́n kírun àárọ̀ tán. Ọkọ̀ mẹ́rin dé, kò sí nínú wọn. Ẹ̀karùn-ún dé nígbà tí oòrùn ti yí, ó sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mẹ́fà tó tẹ̀ jáde lábẹ́ apá, nípa bí a ṣe ń tọ́jú iṣu gbígbẹ kí Dinoderus má wọ̀ ọ́.

"Ṣé o lọ sí Pira?"

"Mo lọ."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní owú ni mo jẹ."

Ó gbé ìwé náà fún un kó bá òun gbé e. Awakọ̀ yọ orí láti ojú fèrèsé, ọ̀dọ́kùnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun, ó ní: "Ó dàbọ̀ o, Màdáàmù, ẹ ṣeun fún ìtàn yẹn o!" Fataou yíjú sí i. Ó la ẹnu. Kafayath dúró, ó ń wò ó.

"Owú ni," ni Fataou wí fúnra rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

"Ó dáa, Bàbá Samiath," ni Kafayath wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìtàn náà nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́ nínú rẹ̀. Àfi ẹyọ kan, ẹ má sì jẹ́ ká jà lórí rẹ̀: kòkòrò inú ìgò yẹn kò gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ Fataou kí i, ìyẹn dájú, kò sì dára kí ènìyàn kí ni kí a má dá a lóhùn.